Léèsì bàtà àti léèsì òde: ọmọ ìyá ni wọ́n

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé léèsì tí a fi ń di bàtà àti léèsì tí a ń rà ní Balógun kàn ṣèèṣì jọ ń jẹ́ orúkọ kan ni, bíi Táíwò ará Ìbàdàn àti Táíwò ará Òṣogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ti bàtà sì ni ẹ̀gbọ́n.

Nínú èdè Látìn, *laqueus* ni ojóbó, irú èyí tí ọdẹ máa ń dẹ sílẹ̀ kó lè mú ẹran. Ó di *las* lẹ́nu àwọn Faransé; nígbà tó máa fi dọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, okùn lásán ló kù: okùn tí wọ́n fi ń so ẹ̀wù pọ̀ láyà, tàbí tí wọ́n fi ń di bàtà. (Lasso tí àwọn darandaran Amẹ́ríkà fi ń mú màlúù, àbúrò wọn ni, ọ̀dọ̀ àwọn Sípéènì ló gbà wá.)

Àwọn ọlọ́lá ló yí ọ̀rọ̀ padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn wúrà àti fàdákà ṣe etí aṣọ lọ́ṣọ̀ọ́. Okùn yẹn ò so nǹkan kan mọ́, ọ̀ṣọ́ lásán ni, síbẹ̀ orúkọ ò kúrò lára rẹ̀. Láàárín ọdún 1500 sí 1600, nígbà tí àwọn obìnrin Venice ní Ítálì àti Flanders (ní Bẹ́ljíọ̀mù òde òní) ń fi òwú wẹ́wẹ́ hun nǹkan oníhò-nihò fún ọrùn àti ọwọ́ ẹ̀wù, Gẹ̀ẹ́sì gbé orúkọ náà fún ìyẹn pẹ̀lú. Faransé ní tiwọn pè é ní *dentelle*, eyín kéékèèké, nítorí etí rẹ̀ rí bí eyín ayùn.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé púpọ̀ nínú ohun tí àwa ń pè ní léèsì kì í ṣe léèsì lójú àwọn tó ń hun ún. Tiwọn ò ní aṣọ lábẹ́. Òwú àti ihò ni gbogbo rẹ̀. Tiwa, aṣọ ló kọ́kọ́ wà, kí ẹ̀rọ tó fi òwú ṣe ọnà sí i lára. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kó irú rẹ̀ wá sí Nàìjíríà láti Lustenau, ní orílẹ̀-èdè Ọ́stríà. Nínú tiwa, èyí tí wọ́n ń pè ní guipure ló fara jọ tiwọn jù: wọ́n á ṣe ọnà sórí aṣọ tán, wọ́n á fi kẹ́míkà yọ́ aṣọ náà dànù, òwú nìkan á ṣẹ́ kù.

Èmi ò ní torí ìyẹn bá ìyá aláṣọ jà. Àwọn oyinbo fúnra wọn ti yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà padà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.