Èéfín tí kì í gba sàláńsà jáde

Bí a bá béèrè ibi tí èéfín mọ́tò ń gbà jáde, sàláńsà ni gbogbo ẹnu máa dárúkọ. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń gba ibẹ̀. Apá kan máa ń yọ́ gba ìsàlẹ̀ lọ sínú crankcase, ìyẹn àpótí irin ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí kráńkíṣáàfù, ọ̀pá irin ńlá inú ẹ́ńjìnnì, ti ń yí, tí ọ́ìlì sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí púlọ́ọ̀gì bá tanná sí epo àti afẹ́fẹ́ lórí pístìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò tí wọ́n ń pè ní sílíńdà, agbára iná yẹn á ti pístìn lọ sísàlẹ̀. Àwọn ríìngì tó yí pístìn ká ló ń dí àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ògiri sílíńdà. Ṣùgbọ́n ríìngì kò lè dí i pátápátá, torí wọ́n gé e lójú kan kó lè ráyè fẹ̀ bí ooru bá mú un. Díẹ̀ nínú gáàsì náà á yọ́ kọjá, àní nínú ẹ́ńjìnnì tuntun. Epo tí kò jóná wà nínú rẹ̀, ooru omi wà níbẹ̀, àwọn èròjà tó ń di ásíìdì náà ò gbẹ́yìn.

Bí gáàsì yìí kò bá rí ọ̀nà jáde, á kóra jọ títí á fi máa ti ọ́ìlì gba ojú gáskẹ́ẹ̀tì àti síìlì, ìyẹn àwọn ohun tí wọ́n fi dí ojú ìsopọ̀ irin, jáde. Nígbà àtijọ́, páìpù kan ni wọ́n fi yanjú rẹ̀: ó ti ara ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ á fa gáàsì náà jáde, ọ́ìlì á sì máa kán sójú títì. Bí mọ́tò bá dúró sójú kan ńkọ́? Kò sí atẹ́gùn tó ń fà á nìyẹn. Gáàsì á jókòó ti ọ́ìlì, á sọ ọ́ di ẹrẹ̀ dúdú.

Ohun tó pa páìpù yẹn rẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ o, afẹ́fẹ́ ìlú ni. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1952, Arie Haagen-Smit, onímọ̀ kẹ́mísírì ní California, fi hàn pé gáàsì epo tí kò jóná, bí oòrùn bá ràn sí i pẹ̀lú àwọn èéfín mìíràn, ló ń di kùrukùru tó ń ta àwọn ará Los Angeles lójú. Bí ìdá kan nínú márùn-ún gáàsì epo tí mọ́tò ìgbà náà ń tú síta ló ń ti crankcase wá. Lọ́dún 1961, California pàṣẹ pé kí wọ́n máa dá gáàsì yìí padà sínú ẹ́ńjìnnì. Orúkọ ètò náà ni PCV, ìyẹn Positive Crankcase Ventilation lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ rọrùn. Afẹ́fẹ́ mímọ́ á ti ibi àsẹ́ afẹ́fẹ́ gba rọ́bà kan wọnú ẹ́ńjìnnì, á gbá gáàsì inú crankcase jọ, àwọn méjèèjì á sì jọ gba inú fáàfù kékeré kan lọ sí manifold, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ sínú. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti padà wọ sílíńdà lọ jóná.

Fáàfù yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó lè má ju àtàǹpàkò lọ, kò sì sí nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù ju ọ̀pá kékeré kan àti sípíríìngì lọ. Bí mọ́tò bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, manifold á máa fà gidigidi. Agbára ìfà yẹn á fa ọ̀pá náà mọ́ ẹnu ihò títí á fi ku ààyè díẹ̀, tó fi jẹ́ pé bó ṣe ń fà tó ló ń sé ọ̀nà mọ́ ara rẹ̀ tó. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí gáàsì kò pọ̀ nígbà yẹn, àti pé afẹ́fẹ́ àpọ̀jù á da àpòpọ̀ epo rú. Bí awakọ̀ bá tẹ iná mọ́lẹ̀, ìfà á dínkù, sípíríìngì á ti ọ̀pá sẹ́yìn, ọ̀nà á là, ní àsìkò tí gáàsì ń pọ̀ sí i. Bí iná bá sì ṣèèṣì bú padà sínú manifold, fáàfù á pa gbáà, kí iná má bàa dé inú crankcase.

Bí fáàfù bá dí, a ti mọ ohun tó ń tẹ̀lé e: ọ́ìlì á máa jò, àsẹ́ afẹ́fẹ́ á máa rin fún ọ́ìlì. Bó bá há ní ṣíṣí, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n tí mọ́tò bá dúró. Ẹ́ńjìnnì oní-turbo ní tirẹ̀ nílò ọ̀nà kejì, torí manifold rẹ̀ kì í fà nígbà tí turbo bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà láti yẹ̀ ẹ́ wò lára ọ̀pọ̀ mọ́tò. Tan ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kó gbóná, ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, kí o fi bébà fẹ́lẹ́ bo ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó yẹ kí bébà náà lẹ̀ mọ́ ihò náà. Bó bá ń fò sókè, fáàfù ti dí tàbí ríìngì ti jẹ. Fáàfù ni kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ yẹ̀ wò; kò ní láti tú ẹ́ńjìnnì kó tó dé ibẹ̀.