Ọ̀gá Tí Wọ́n Mú Wá Láti Ìta: Báwo Ló Ṣe Ń Yí Ilé-iṣẹ́ Padà?

Bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ń rì, ìgbìmọ̀ olùdarí lè fo gbogbo ọ̀gá tó wà nílé dá, kí wọ́n lọ mú ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ wá. Iṣẹ́ rẹ̀ kọjá ọjà tí wọ́n ń tà. Ó ní láti yí ìṣe wọn padà: ẹni tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, àti ohun tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀.

Àlejò lójú, kò fi ríran, làwọn àgbà wí. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, onílé gan-an ni ojú rẹ̀ ti mọ́ ìdọ̀tí náà lára.

Ẹ wo Alan Mulally, tó kúrò ní Boeing tí wọ́n ti ń ṣe bàálù, tó bọ́ sí Ford, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà ní 2006. Lọ́dún yẹn, Ford pàdánù ju bílíọ̀nù 12 dọ́là lọ. Mulally ní kí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka máa fi àwọ̀ jíṣẹ́ ní ìpàdé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀: àwọ̀ ewé bó bá ń lọ dáadáa, pupa bó bá ti dojú rú. Ewé ni gbogbo wọn ń gbé wá! Ó bi wọ́n pé pẹ̀lú àdánù tó tó báyìí, ṣé kò sóhun tó wọ́ rárá ni? Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ ìṣòro lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, Mark Fields, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ẹ̀ka náà, gbé pupa wá: ilẹ̀kùn bùútù ọkọ̀ Ford Edge ní wàhálà, ó sì ti dá gbígbé ọkọ̀ náà jáde dúró. Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Mulally pàtẹ́wọ́, ó ní ta ló lè ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ káàkiri.

Ti Ron Johnson yàtọ̀. Apple, níbi tó ti ń bójú tó àwọn ṣọ́ọ̀bù wọn, ló ti wá ṣe ọ̀gá àgbà ní JCPenney, ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ní 2011, ó sì pa kúpọ́nù (ìwé tí oníbàárà fi ń gba ẹ̀dínwó) àti ẹ̀dínwó rẹ́ láìkọ́kọ́ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù díẹ̀. Ẹ̀dínwó yẹn gan-an làwọn oníbàárà ń bá wá. Ọjà títà já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdámẹ́rin ní 2012, wọ́n sì lé e lọ ní oṣù kẹrin 2013. Oògùn ibi tó ti ń bọ̀ ló gbé wá, kò yẹ aláìsàn wò.

Lójú tèmi, ará ilé ló ń ru àyípadà náà. Àlejò kàn lè mú kó rọrùn láti sòótọ́ ni. Mulally ò lé ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá tó bá ní Ford. Fields ló sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2014.