Ta Ló Ní Ẹjọ́ Gratuity Ń Bá Afẹ̀yìntì Kú?

Ọ̀rọ̀ kan nípa ẹjọ́ gratuity, owó ìfẹ̀yìntì tí àwọn afẹ̀yìntì ń torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́, ti sú mi í gbọ́. Kò sí ibi tí àwọn afẹ̀yìntì bá ti pé jọ ní Àkúrẹ́, ìbáà jẹ́ ìpàdé ẹgbẹ́, ìbáà jẹ́ orí ìlà tí ìjọba ti ń yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n ṣì wà láyé, tí ẹnìkan kò ní sọ ọ́: "Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń fa ẹjọ́ yẹn ni, kí baba lè kú, kí ẹjọ́ náà bá a kú." Àwọn tó kù á mirí, ó parí.

Pé ẹjọ́ ń pẹ́, ta ló ń jiyàn? Wọ́n á gbé adájọ́ lọ sí ìlú mìíràn, ẹjọ́ tó ti dé ìdajì á padà síbẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù á daṣẹ́ sílẹ̀, bí wọ́n ti ṣe láti oṣù kẹrin wọ oṣù kẹfà 2021. Lọ́yà ìjọba á ní òun ò tíì rí fáìlì gbà. Àwọn mìíràn tún ń gbé e lọ High Court, nígbà tó jẹ́ pé àtúnṣe òfin ti 2010 ti gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún National Industrial Court, tó ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́ níbí.

"Kí ẹjọ́ náà bá a kú" yẹn ni mo fẹ́ dúró lé. Ẹjọ́ tó ń bá olùpẹjọ́ kú wà lóòótọ́. Bí baba bá pe ẹnìkan lẹ́jọ́ pé ó ba òun lórúkọ jẹ́, tó sì kú kí wọ́n tó dá a, ó tán nìyẹn. Bóyá ibẹ̀ làwọn èèyàn ti gbọ́ ọ. Gbèsè ni owó ìfẹ̀yìntì ní tirẹ̀. Abala 210 nínú òfin orílẹ̀-èdè 1999 pè é ní ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀. Èyí tí wọ́n jẹ baba títí di ọjọ́ tó kú, ogún rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ aládùúgbò ló yáwó lọ́wọ́ baba, gbogbo wa la mọ èyí. Tó bá kan ìjọba la ń gbàgbé.

Ìwé ló ń dá ẹjọ́ dúró. Òkú ò lè jẹ́ olùpẹjọ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ bọ́ sí ipò rẹ̀, kóòtù ò sì ní gba ẹni tó kàn dìde pé "ọmọ rẹ̀ ni mí." Wọ́n á bèèrè ìwé tí High Court fi ń yan àwọn tí yóò bójú tó ogún òkú, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní letter of administration. Bí baba bá ti ṣe ìwé ìhágún, àwọn tó yàn sínú rẹ̀ ló máa lọ gba probate, ìyẹn ìwé tí High Court fi ń fọwọ́ sí ìwé ìhágún. Ibí yìí làwọn èèyàn ti ń bá mi jà. "Ṣebí èmi ni next of kin!" Ẹ̀gbọ́n, next of kin kì í ṣe àrólé. Ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni baba kọ sí fọ́ọ̀mù nígbà tó wọṣẹ́. Ó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì lè ka orúkọ yẹn sí fún àwọn owó kan. Kóòtù ò ní fi rọ́pò ìwé.

Ìwé náà ò sì kọjá agbára: ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ National Population Commission, àwọn oníduùró, fọ́tò, àti owó tó ń tẹ̀lé bí ogún bá ṣe tó. Ilé ló ti ń dì. Ìyálé tó bímọ kan ní ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in, kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ìpín kan. Àwọn ọmọ ìyàwó kékeré tí wọ́n jẹ́ márùn-ún ní orí-ò-jorí ni, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Àwọn àbúrò baba ní ṣé wọ́n gbàgbé àwọn ni. Owó tí kò tíì jáde ni wọ́n ń pín o!

Ní kóòtù, orúkọ baba ṣì wà lára ìwé ẹjọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó. Akọ̀wé kóòtù pè é, ó tún un pè. Lọ́yà rẹ̀ dìde, ó ní oníbàárà òun ti di olóògbé, òun ń retí ẹbí. Wọ́n sún un. Nígbà tó yá, lọ́yà tí ẹnikẹ́ni ò sanwó fún mọ́ kò yọjú. Adájọ́ gbé ẹjọ́ kúrò nílẹ̀, ẹbí wá ń sọ pé, "Ẹ ò rí i? Ó ti bá baba kú." Èyí tí wọ́n gbé kúrò nílẹ̀ ṣì ṣeé tọrọ pé kí wọ́n dá a padà, èyí tí wọ́n dà nù pátápátá ló le. Ẹ bi lọ́yà yín léèrè èwo ni tiyín.

Ṣé kò wá sí ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ fà á ni? N ò lè búra. Lọ́yà ìjọba tó ń tọrọ ọjọ́ mìíràn nígbà gbogbo, tó sì ń wo ọ̀pá lọ́wọ́ olùpẹjọ́, èmi náà ń wò ó. Bí ẹbí bá sì jàre, ó lè má tíì tán: abala 84 nínú òfin Sheriffs and Civil Process ní kí ẹni tó fẹ́ fi àṣẹ kóòtù gba owó tó wà ní ìkáwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda Attorney-General, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ yọ irú ọ̀ràn kan kúrò lábẹ́ ìyọ̀ǹda yẹn ní 2017, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọkàn tán an kí lọ́yà tó yẹ tiyín wò. Nítorí náà, n ò ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń dúró káàkiri ọ́fíìsì ní Alágbàká pé àwọn lè bá yín ṣe letter of administration láìdé ọ́fíìsì probate ní High Court. Ìwé tí High Court ò mọ̀, kò sí kóòtù tó máa fi sí fáìlì. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣì wà láyé, ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ àti orúkọ lọ́yà lẹ́nu wọn, kí ẹ sì mọ ibi tí létà ìgbanisíṣẹ́, létà ìgbéga tó kẹ́yìn àti létà ìfẹ̀yìntì wà.