Ẹ̀bùn inú ìwé ìhágún: bí ogún ṣe ń tún ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ṣe

Bí ẹ bá dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè rí fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n kọ "legacy" sí. Ẹ̀bùn tí èèyàn kọ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, èyí tí kò ní tẹ ilé náà lọ́wọ́ títí ẹni náà á fi papò dà. Ó yàtọ̀ sí ọrẹ tí a ń ta wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí a wà láyé. Ní ti ọrẹ yẹn, bí ẹni tó ń san owó-orí bá fọwọ́ sí ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Gift Aid, ìjọba á fi 25p kún £1 kọ̀ọ̀kan.

Kí ni wọ́n ń fi owó náà ṣe? Ẹ wo Flying Scotsman, ọkọ̀ ojú irin tó ń jẹ èédú, tí wọ́n kọ́ ní Doncaster ní 1923. Ní 2004, National Railway Museum ti ìlú York rà á ní nǹkan bíi £2.3 mílíọ̀nù, owó ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù sì wà níbẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ tó parí ní 2016 gba £4.2 mílíọ̀nù. Rírà kọ́ ni ìṣòro, ìtọ́jú ni. Bí ọdún mẹ́wàá bá ti ń pé, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lójú irin: wọ́n á gbé bọ́ílà, ìyẹn àgbá ńlá tí omi ti ń hó, kúrò lórí férémù, wọ́n á yọ àwọn páìpù inú rẹ̀, wọ́n á yẹ irin ibi tí iná ti ń jó wò bóyá ó ti fẹ́lẹ́ tàbí ó ti sán. Ọ̀fẹ́ sì ni wíwọ ilé ti York yẹn, wọn kì í rí owó ìwọlé fi ṣe é.

Ọ̀nà mẹ́ta ni èèyàn lè gbà kọ ẹ̀bùn náà. Ó lè fi ohun kan sílẹ̀, bíi fìtílà gáàdì ọkọ̀ ojú irin tàbí aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n fẹ́ ẹ, torí àyè wọn kì í tó. Ó lè dá iye owó lé e, ká ní £1,000. Ó rọrùn, àmọ́ bí ó bá tún lo ọgbọ̀n ọdún láyé, ọ̀wọ́ngógó á ti jẹ ẹ́ kù díẹ̀.

Èyí tí mo fara mọ́ jù ni ìpín nínú ìyókù. Wọ́n á kọ́kọ́ san gbèsè àti owó ìsìnkú, wọ́n á fún àwọn tí a dárúkọ iye owó tàbí ohun kan fún ní tiwọn. Bí £60,000 bá ṣẹ́ kù, ìdá 5 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ £3,000. Bí ogún bá pọ̀, ìpín á pọ̀. Bó bá dín kù, kò sí ọmọ tí á sọ pé àwọn àjèjì ti kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so owó náà mọ́ nǹkan kan pinpin. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé àgbá ọkọ̀ báyìí nìkan ni kí wọ́n fi rà, bí ọkọ̀ yẹn bá ti kúrò lọ́wọ́ wọn ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ fún iṣẹ́ àjọ aláàánú tó ni ilé náà lápapọ̀, kí ẹ sì fi lẹ́tà sọ ohun tó wù yín.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń buwọ́ lùwé. Ẹni tí ẹ fún ní nǹkan kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ọkọ tàbí aya rẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ ṣe é, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ̀bùn rẹ̀ á bọ́. Ẹ kọ orúkọ àjọ náà gan-an àti nọ́ńbà tí ìjọba fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Owó-orí tí ìjọba ń gbà lórí ogún kò kan ohun tí a fi sílẹ̀ fún àjọ aláàánú. Ní ti ogún tó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, ìdá 40 nínú 100 ni ìjọba sábà máa ń gbà lórí ohun tó bá ju £325,000 lọ. Bí ẹ bá fún àjọ aláàánú ní ìdá mẹ́wàá ibi tí owó-orí ìbá kàn, ó lè wá sí 36.

Àwọn tí òbí wọn ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta mọ Jaekel House, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898 tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bó bá jẹ́ òun ló wù yín, ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, torí òfin ogún ibẹ̀ yàtọ̀. Níbi yòówù kó jẹ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín nísinsìnyí, kó má jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ka ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́.