Bàálù ológun tó ti dàgbà: kí ni wọ́n ń pààrọ̀ níwájú awakọ̀ rẹ̀?

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2025, bàálù akẹ́rù C-130 kan tó jẹ́ ti Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú Nàìjíríà di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ó balẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ sí ìlú Bobo-Dioulasso ní Bùrkínà Fasò pẹ̀lú ọmọ ogun 11 nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà ṣàlàyé pé ilẹ̀ Pọ́rtúgàl ni wọ́n ń gbé e lọ, àti pé àwọn awakọ̀ kíyè sí ohun kan tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn ni wọ́n ṣe yà. Ariwo òṣèlú tó tẹ̀lé e ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo ń bá pàdé ní Ìlọrin, láti Gàrájì Ọ̀fà títí dé Táíwò, kì í ṣe ti òṣèlú: kí ni ènìyàn tún lè tún ṣe lára ọkọ̀ tó ti ń lọ sí ọmọ àádọ́ta ọdún? Yàrá awakọ̀ nìkan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ pọ̀ sí jù.

Ṣé lóòótọ́ ni irú bàálù yìí ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Oṣù Kẹjọ ọdún 1954 ni C-130 àkọ́kọ́ fò ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1970 sí 1979 sì ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ra tirẹ̀.

Kí ló wà nínú yàrá awakọ̀ àtijọ́ gan-an?

Míítà ni, míítà lórí míítà. Ẹ́ńjìnì mẹ́rin ló wà lára C-130H, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà àtijọ́ bàálù yìí, ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìlà míítà tirẹ̀ láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù: èyí tó ń sọ agbára tó ń mú wá, èyí tó ń sọ eré tó ń sá, ti ooru rẹ̀, ti epo tó ń jó, ti ooru ọ́ìlì àti ti agbára ìtì ọ́ìlì. Ó ti lé ní ogún kí a tó kan èyí tó ń sọ gíga, ìdojúkọ àti bí ìyẹ́ ṣe tẹ́ sí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í kà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó kàn ń wò ó bóyá ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sí ibì kan náà ni, èyí tó bá sì yà sọ́tọ̀ nínú wọn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣàìsàn.

Ènìyàn náà pọ̀ níbẹ̀. Awakọ̀ méjì, atọ́nà kan, ẹnjiníà kan tó jókòó láàárín wọn tó ń ṣọ́ míítà, àti alábòójútó ẹrù lẹ́yìn. Àwọn C-130 àtijọ́ tilẹ̀ ní ihò kan lórí òrùlé yàrá náà, tí atọ́nà ń ti awò bọ̀ kí ó lè fi ìràwọ̀ mọ ibi tí wọ́n wà lórí òkun lóru. Nínú C-130J, ẹ̀yà tuntun rẹ̀ tó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1996, awakọ̀ méjì àti alábòójútó ẹrù ti tó. Kọ̀ǹpútà ló gba iṣẹ́ atọ́nà àti ti ẹnjiníà, kò sì béèrè owó ìfẹ̀yìntì.

Kí ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀?

Skíríìnì tó fẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ọ̀nà, rédíò tuntun, àti wáyà tó so gbogbo wọn pọ̀. Lójoojúmọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìwakọ̀ òfuurufú tó wà ní pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin ń lo irú skíríìnì bẹ́ẹ̀ nínú bàálù Diamond kéékèèké wọn. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ jókòó síwájú ohun tó tuntun ju èyí tó wà níwájú ọ̀gá tó ń gbé ọmọ ogun kiri nínú C-130H àtijọ́.

Kí ló dé tí a kò jẹ́ kí àtijọ́ wà níbẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́? Ṣé kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán ni?

Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Gbogbo ẹni tó ta òkòtó rí ló mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tó bá ń yí, yóò dúró ṣinṣin, bí ẹ bá tilẹ̀ gbé ẹ̀gbẹ́ kan pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ sókè. Irú òkòtó irin bẹ́ẹ̀ ló wà nínú míítà àtijọ́ tó ń sọ fún awakọ̀ inú kùrukùru pé ìyẹ́ òun tẹ́jú tàbí kò tẹ́jú. Bí bíárìn rẹ̀ bá gbó, òkòtó yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, míítà yóò sì máa parọ́. Ẹni tó ń ṣe irú bíárìn yẹn lè ti kógbá sílé láti ogún ọdún sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé ara bàálù mìíràn tó ti dákú ni wọ́n ti ń tú pààtì. Nínú ohun èlò tuntun, ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ òkòtó, kò sì sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀ tí yóò gbó.

Ìdí kejì ni òfin ojú òfuurufú. Ní Yúróòpù, wọ́n ti pín ìkànnì rédíò kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta kí ó lè tó gbogbo ọkọ̀, rédíò àtijọ́ kò sì lè gbọ́ àwọn ìkànnì tóóró yìí. Ọkọ̀ ológun lè gba àyè ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n àyè ọ̀tọ̀ túmọ̀ sí kí wọ́n máa darí i gba ọ̀nà tó jìn, tàbí kí ó dúró de àwọn ẹlòmíràn.

Kí ló dé tí mo rí bàálù ológun lókè tí kò sì hàn lórí áàpù tó ń tọpa bàálù nínú fóònù mi?

Ohun tí fóònù yín ń fi hàn ni ìkéde tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe, tó ń pe orúkọ ara rẹ̀, ibi tó wà àti gíga rẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan ní ọ̀pọ̀ ojú òfuurufú rẹ̀. Ọkọ̀ tó dàgbà lè má ní in, ológun sì lè pa á nígbà tí kò bá fẹ́ kí ọ̀tá mọ ibi tí òun wà. Ẹ má ṣe torí rẹ̀ pe ọlọ́pàá.

Èló ni wọ́n ń ná?

Owó náà pọ̀, ó sì ti ba Amẹ́ríkà pàápàá lójú jẹ́. Ní ọdún 2001, wọ́n gbé iṣẹ́ pípààrọ̀ yàrá awakọ̀ C-130 wọn fún iléeṣẹ́ Boeing, pẹ̀lú èrò pé bàálù tó lé ní 500 ni yóò kàn. Owó ń gòkè, iye bàálù ń já wálẹ̀, nígbà tó sì di 2012, ìjọba ní kí wọ́n pa á tì. Ní 2019 ni wọ́n tún gbé e fún iléeṣẹ́ L3Harris, lọ́tẹ̀ yìí fún C-130H 176, ní iye tó súnmọ́ ìdajì bílíọ̀nù dọ́là.

Àwọn ríwáyà wa kò lè ṣe é ni?

Wọn ò lè ṣe é.

Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀, ṣé bàálù náà ti di tuntun nìyẹn?

Rárá o, ibí yìí sì ni mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìyẹ́, irin àárín tó gbé ìyẹ́ dúró, àti ẹ́ńjìnì kò mọ̀ pé skíríìnì ti wọlé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2002, ìyẹ́ C-130A kan tó ń pa iná igbó ní California já kúrò lára rẹ̀ lójú òfuurufú, àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ojú irin ló ṣán, kò sí ohun tí míítà lè sọ nípa rẹ̀. Nílé níbí, ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn ẹbí, nígbà tí C-130 tó gbéra ní Èkó já sí Èjìgbò tó wà ní Èkó níbẹ̀, tí gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n lé ní 150, sì bá a lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun. Ẹ́ńjìnì ló kú lórí wọn. Nítorí náà, bí aláṣẹ kan bá sọ fún yín pé wọ́n ti “sọ bàálù di tuntun”, ẹ bi í pé apá ibo.

Skíríìnì náà kò ha lè kú lójú òfuurufú?

Ó lè kú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to ọ̀pọ̀ rẹ̀, kí èyí tó kù lè gba iṣẹ́ èyí tó kú, tí wọ́n sì ń fi ohun èlò kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ tí iná tirẹ̀ dá dúró. Ohun tó yẹ kó kan yín lóminú jù ni pé ọ̀tá lè dí etí ọkọ̀ sí ìró sátẹ́láìtì tó fi ń mọ ọ̀nà. Ọkọ̀ tó bá gbẹ́kẹ̀ lé sátẹ́láìtì nìkan yóò ṣìnà nígbà náà.

Ọmọ mi wà nínú iṣẹ́ ológun, ó sì máa ń wọ̀ ọ́. Ṣé kí n máa bẹ̀rù?

Ẹ má bẹ̀rù ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan, nítorí pé àtúnṣe tó ń bọ́ sákòókò ṣe pàtàkì ju ọdún tí wọ́n rà á lọ, bàálù tó yà balẹ̀ ní Bobo-Dioulasso náà sì fi hàn pé awakọ̀ rẹ̀ kò fi agídí bá ohun tó rí jà. Ọmọ yín kò lè yan ọkọ̀ tí yóò wọ̀. Ẹ̀yin lè bi aṣòfin yín ní ìbéèrè méjì nígbà tó bá wá kí yín ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán: wákàtí mélòó ni ìyẹ́ bàálù náà ti fò nínú iye tí àwọn tó ṣe é ní ó lè fò, ta ló sì ń ta pààtì rẹ̀ fún wa?