Ta ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ń rọ ajá lẹ́sẹ̀?

Ajá tó ń fò sórí àga lánàá, tó bá dòní ó ti ń wọ́ ìdí nílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ti rọ, kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́. Ó pẹ́ tí àwọn tó ń sin ajá Dachshund (ẹsẹ̀ kúkurú, ẹ̀yìn gùn bíi bẹ́ǹṣì) ti ń rí èyí, àmọ́ ohun tó ń fà á ló ṣòroó mọ̀.

Ní 1896, dọ́kítà ẹranko kan tó ń jẹ́ Dexler ti la ẹ̀yìn irú ajá bẹ́ẹ̀ wò, ó sì bá nǹkan kan níbẹ̀ tó tẹ okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Ó rí i o! Àmọ́ ó ní eegun rírọ̀ ló kàn hù síbẹ̀. Ẹ má bú u, àwọn dọ́kítà èèyàn náà ń pe tiwa ní kókó títí Mixter àti Barr ní Boston fi kọ̀wé lọ́dún 1934 pé dísìkì (tìmùtìmù àárín eegun ẹ̀yìn) tó bẹ́ ni.

Sweden ni wọ́n ti wá tú tajá. Olsson, onímọ̀ nípa àìsàn ẹranko, kọ̀wé lórí ẹ̀ ní 1951, nígbà tó di 1952 Hansen, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà, gbé iṣẹ́ tiẹ̀ jáde, èyí gan-an ló là mí lójú. Dísìkì ni tìmùtìmù kékeré tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì, ara ẹ̀ le bíi táyà, inú ẹ̀ rọ̀ bíi jẹ́lì. Hansen rí i pé nínú ajá ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú, jẹ́lì yẹn máa ń gbẹ láti kékeré, á le bíi ṣọ́ọ̀kì, tó bá wá di ọjọ́ kan á bẹ́ sókè lọ bá okùn iṣan náà. Ti ajá ńlá tó ti dàgbà ò kì í sábà bẹ́, ńṣe ló ń wú díẹ̀díẹ̀. Títí dòní, Hansen 1 àti Hansen 2 ni àwọn dọ́kítà ẹranko ń pè wọ́n.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ ti wá nítumọ̀, nítorí tó bá jẹ́ pé nǹkan ló tẹ̀ ẹ́, èèyàn lè lọ yọ ọ́. Hoerlein, dọ́kítà ẹranko ní yunifásítì Auburn, Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ni: wọ́n á ṣí ẹ̀gbẹ́ eegun kan bíi fèrèsé, wọ́n á kó ìdọ̀tí náà kúrò. Wọ́n á ti kọ́kọ́ fi ẹ̀mú fún ìka ẹsẹ̀ ajá náà, tó bá kàn fa ẹsẹ̀ ìyẹn ò tíì tó o, ẹsẹ̀ lè fà fúnra ẹ̀, àfi kó yíjú tàbí kó ké ni wọ́n á tó gbà pé ìrora ń dé ọpọlọ.

Ìgbà tó di 2017 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbòǹgbò ẹ̀ ní yunifásítì California ní Davis, ẹ̀dà jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara) kan tí wọ́n ń pè ní FGF4 ló lọ há sórí krómósómù 12, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn okùn tó gbé jíìnì dání. Òun náà wà lára ohun tó ń gé ẹsẹ̀ ajá kúrú, ẹsẹ̀ kúkurú tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Jámánì fẹ́ràn nítorí kó lè wọ ihò lọ lé ẹran.