Kí Ni SWR? Bí A Ṣe Ń Mú Áńténà Àgbéká Bá Rédíò Mu

Àwọn tó ń ṣe ham rédíò, ìyẹn àwọn tó gba ìwé àṣẹ láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ láìṣe nítorí owó, kì í tíì sọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n bá na áńténà wọn sójú pápá tí wọ́n fi máa ń wo nọ́ńbà kan tí à ń pè ní SWR (standing wave ratio). Ohun tí nọ́ńbà yìí ń sọ ni ìwọ̀n agbára tó ń ṣẹ́rí padà sínú rédíò dípò kí áńténà gbà á. Bí ó bá jẹ́ 1:1, kò sí èyí tó padà. Ní 2:1, nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 ló ń padà. Ní 3:1, ó di ìdá 25, ọ̀pọ̀ rédíò òde òní á sì ti máa dín agbára wọn kù kí wọ́n má baà jóná.

Gígùn ọ̀pá áńténà ni a kọ́kọ́ ń tún ṣe. Fún ìgbì rédíò 14.2 MHz (MHz ni a fi ń ka iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní mílíọ̀nù), a ó fi 14.2 pín 71.5, ìyẹn sì jẹ́ mítà 5 ó lé díẹ̀, tí í ṣe ìdá mẹ́rin gígùn ìgbì. Bí SWR bá kéré jù lọ ní 13.9 MHz, ọ̀pá náà ti gùn jù, ẹ tì í wọlé ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10; bí ó bá jẹ́ ní 14.5, ẹ fà á jáde. Agbára díẹ̀ ni kí ẹ fi dán an wò, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ́tí sílẹ̀ pé kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni wáyà tí a ń tẹ́ sílẹ̀ yí ìdí ọ̀pá ká. Ohm, ìyẹn ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná mànàmáná lọ́nà, 50 ni rédíò ń retí, ṣùgbọ́n ọ̀pá tí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ pé dáadáa kì í ju nǹkan bí ohm 36 lọ, SWR rẹ̀ á sì tó 1.4. Bí wáyà ilẹ̀ bá kéré, tí ilẹ̀ sì fi ohm 14 tirẹ̀ kún un, àpapọ̀ rẹ̀ á di 50, ẹ̀rọ tó ń wọn SWR á fi 1:1 hàn, inú ẹni tó ni í á dùn, bẹ́ẹ̀ ìdá 28 nínú 100 agbára rẹ̀ ló ń fi mú erùpẹ̀ gbóná. Lójú tèmi, èyí ni ó yẹ ká kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ́ wáyà kún un, tí SWR sì gòkè láti 1:1 sí 1.4, ẹ má ṣe ká a kúrò, torí áńténà yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ ni. Tuner, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú áńténà bá rédíò mu, pàápàá kò lè gba agbára yẹn padà, nítorí pé ohm 50 ló kàn ń jẹ́ kí rédíò rí.

Ní 7 MHz, níbi tí ọ̀pá ì bá ti gùn tó mítà 10, kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí a ká róbótó, ni a fi ń dípò gígùn tó kù, àyè tí SWR ti dára á sì há gan-an. Ara ènìyàn tó dúró nítòsí nìkan tó láti yí nọ́ńbà náà padà, nítorí náà bí mo bá ti fọwọ́ kan kọ́ìlì, mo máa ń kọ́kọ́ sún sẹ́yìn bí ìṣísẹ̀ mélòó kan kí n tó wo ẹ̀rọ tó ń wọn SWR.